Ipa Iṣan Ni Àwòrán Ń Fi Hàn

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iṣan, ni a fi ń pe nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ara ènìyàn. Bí nọ́ọ̀sì bá ń wá ibi tí yóò gún abẹ́rẹ́ sí ní apá aláìsàn, a ó ní ó ń wá iṣan. Bí pajápajá bá mú àgbẹ̀ ní ẹsẹ̀ lóru, a ó ní iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fà. Ohun tí ó ń gbé ìrora eyín lọ sí ọpọlọ, iṣan náà ni a ń pè é. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé olùgbọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà eyín bá fẹ́ la egungun àgbọ̀n òkè, tí ó sì ń ṣàlàyé ewu ibẹ̀ fún ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé, ọ̀rọ̀ tí kò dúró sójú kan kò tó.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Bí àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn òkè bá ti yọ fún ọdún púpọ̀, egungun tí ó gbé wọn a máa joro, yàrá afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè rẹ̀ a sì máa gbòòrò sí ìsàlẹ̀. Nígbà náà, egungun tí ó kù kì í tó láti gba èèkàn onírin tí a ó gbé eyín àtọwọ́dá lé. Oníṣẹ́ abẹ a wá gé fèrèsé kékeré sí ògiri egungun náà láti ẹ̀gbẹ́, a gbé awọ fẹ́lẹ́ inú yàrá yìí sókè, a sì kó egungun mìíràn sí abẹ́ rẹ̀. Boyne àti James tẹ ìròyìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní 1980. Nínú ògiri tí a ń gé yìí gan-an ni ẹ̀ka iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ti máa ń pàdé, ọ̀kan láti ẹ̀yìn, èkejì láti abẹ́ ojú. Ìbú rẹ̀ kì í sábà ju mílímítà 2 lọ. Gígé e kì í sábà mú ikú wá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ a bo ojú iṣẹ́, awọ fẹ́lẹ́ lè ya, dídá ẹ̀jẹ̀ náà dúró sì lè nira, nítorí pé inú egungun ni iṣan náà wà.

Láti ìgbà tí Röntgen ti ṣe àwárí ìtànṣán rẹ̀ ní 1895 ni a ti ń ya àwòrán egungun, ṣùgbọ́n àwòrán pẹlẹbẹ ni. Ohun gbogbo gun ara wọn níbẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ ní Ítálì àti Jàpáànì gbé ẹ̀rọ kan jáde fún iṣẹ́ eyín, tí ó ń yí orí ènìyàn ká, tí kọ̀ǹpútà sì ń to ohun tí ó rí pọ̀, títí dókítà yóò fi lè wo àgbọ̀n ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń gé iṣu. Mo dábàá pé kí a pe èyí ní àwòrán àyíká-orí. Pẹ̀lú rẹ̀, a lè wọn bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti jìnnà sí etí egungun tó, kí a tó yan ibi tí a ó gé.

Àbí iṣan ẹ̀jẹ̀ náà kọ́ ni a ń wọ̀n? Níbí ni ọ̀rọ̀ wà. Àwòrán yìí kò rí ẹ̀jẹ̀. Ihò dúdú róbótó nínú egungun funfun ni ó ń fi hàn, tàbí kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ ní ojú inú ògiri náà. Bí iṣan bá gba àárín awọ àti egungun kọjá láìfi kòtò sílẹ̀, àwòrán kò ní sọ nǹkan kan. Àwọn tí wọ́n la òkú wò ti fi hàn pé iṣan yìí a máa wà níbi tí àwòrán kò ti fi í hàn. Bí a bá fẹ́ rí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, a ní láti fi abẹ́rẹ́ fa oògùn sínú rẹ̀ kí a tó yàwòrán. Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Ọdẹ tí ó rí ojú ẹsẹ̀ ẹtu lórí ilẹ̀ rírọ̀ kò sọ pé òun ti rí ẹtu. Bí ilẹ̀ bá sì le tí kò rí ojú ẹsẹ̀, kò sọ pé ẹtu kò gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ipa iṣan ni kí a máa pe ohun tí àwòrán fi hàn, kí a sì pe iṣẹ́ náà ní wíwá ipa iṣan.

Ní ti irú iṣan, mo fara mọ́ iṣan-àlọ fún èyí tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́kàn, àti iṣan-àbọ̀ fún èyí tí ó ń dá a padà. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé ti ẹ̀jẹ̀ mímọ́ àti ti ẹ̀jẹ̀ àìmọ́ gbàgbé iṣan tí ó ti ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró: àlọ ni, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì gba afẹ́fẹ́ ni ó gbé. Èyí tí ó ń gbé ìrora, kí ó máa jẹ́ iṣan ìmọ̀lára. Àmì ohùn sì di dandan: láìsí i, ta ni yóò mọ iṣan yàtọ̀ sí ìṣàn, tàbí àlọ yàtọ̀ sí àlọ́? (Àwọn òǹtẹ̀wé wa kì í fẹ́ gbọ́ èyí.)

Àwọn kan yóò ní kí a kàn yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò. N kò bá ẹ́síréè jà. Ó ti di tiwa. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń tajà ní Àpòmù kò ní rí nǹkan kan mú nínú átárì. Láti Orílẹ̀-Òwu, Ìkirè àti Àpòmù, ẹni tí ó bá nílò irú iṣẹ́ abẹ báyìí yóò kọjú sí Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn. Ẹnu rẹ̀ ni ó yẹ kí a ti dán ọ̀rọ̀ wa wò. Iṣẹ́ tí Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Èdè-ìperí tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ sì fún wa ní ọ̀rọ̀ fún gírámà àti lítíréṣọ̀, ṣùgbọ́n kò dé inú ẹnu aláìsàn. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà kan ní Ìkirè níbi tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè àti àṣà. Kí ni ó dé tí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kò fi lè jókòó pẹ̀lú àwọn dókítà eyín, kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí etí àwọn ará ìlú, kí wọ́n sì ní kí wọ́n tún un sọ lẹ́nu ara wọn? Gbólóhùn tí mo fẹ́ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nìyí: “Mà, a ti wo àwòrán. A rí ipa iṣan-àlọ ní apá ọ̀tún, a kò rí i ní apá òsì. Ó lè wà níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, a ó sì múra sílẹ̀ fún un.”