Owó Ìgò Ni Kí Wọ́n Fi Sórí Ọ̀rá Píọ̀ Wọ́tà

Bí òjò bá ti ṣú dẹ̀dẹ̀ n'Íbàdàn, ọkàn àwọn àgbà tí ilé wọn kò jìnnà sí odò Ògùnpa kì í balẹ̀. Wọn ò tí ì gbàgbé ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, nígbà tí Olóògbé Bọ́lá Ìgè wà nípò gómìnà, tí odò náà kún àkúnya, tó gbé ilé, tó gbé mọ́tò, tó sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó tún di ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omíyalé mìíràn ṣẹlẹ̀ nílùú kan náà, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló tún bá a lọ.

Ká má purọ́, kò tí ì sí píọ̀ wọ́tà lọ́dún 1980. Ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi àti pàǹtí tí wọ́n ń dà sódò ló dí Ògùnpa nígbà náà. Àmọ́ ẹni tó bá wo inú gọ́tà lónìí, yálà n'Íbàdàn ni o, l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ni o, tàbí ní abúlé tí kò ju ogún ojúlé lọ, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni yóò kọ́kọ́ rí. Ewé máa ń jẹrà, bébà náà máa ń jẹrà, ọ̀rá kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Òjò á gbá a lọ síbi tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì, ọ̀kan á lẹ̀ mọ́ èkejì, omi á wá ọ̀nà mìíràn gbà, inú yàrá ẹni ẹlẹ́ni ló sì sábà máa ń gbà.

Ọ̀rọ̀ náà kò yọ oko sílẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè ń hú ọ̀rá jáde bí ẹni ń wa iṣu. Ewúrẹ́ àti màlúù ń gbé e mì, àwọn alápatà mọ ohun tí wọ́n ń bá nínú ikùn ẹran. Àwọn tó sì ń kó o jọ sẹ́yìn ilé, tí wọ́n ń dáná sun ún, èéfín olóró ni wọ́n ń fà símú, pàápàá àwọn ọmọdé tí wọ́n fẹ́ràn láti máa dúró ti irú iná bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé píọ̀ wọ́tà fúnra rẹ̀ burú. Níbi tí ẹ̀rọ omi ìjọba ti gbẹ, òun ni àwọn aráàlú ń mu. Ọ̀rá rẹ̀ ni wàhálà.

Báwo ló ṣe wá jẹ́ tí ìgò mínírà kò dí gọ́tà láyé ọjọ́un? Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ gbé mínírà lọ sílé gbọ́dọ̀ mú ìgò òfìfo dání, bí kò bá ní, yóò fi owó ìgò sílẹ̀. Bí ìgò bá wà nílẹ̀ láìfọ́, ọmọ kan á ti gbé e, nítorí owó ni. Ọkọ̀ tó kó mínírà wá ló ń kó òfìfo padà, iléeṣẹ́ á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún rọ nǹkan sí i. Ìgò bíà di ohun tí wọ́n fi ń ta epo pupa àti kẹrosíìnì, agolo tòmátò di dẹ́rìkà tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì, agolo mílíìkì di àtùpà, eérú eèpo kòkó di ọṣẹ dúdú. Ọrọ̀ ajé àlòtúnlò tí àwọn onímọ̀ ń ṣèpàdé lé lórí ní òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá báyìí, kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ.

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà náà ṣe é lò padà. Wọ́n lè fọ̀ ọ́, kí wọ́n yọ́ ọ, kí wọ́n fi ṣe ọ̀rá mìíràn tàbí ike. Àwọn tó ń rà á wà, ṣùgbọ́n kílò ni wọ́n fi ń rà á, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ọ̀rá tó kún àpò ìrẹsì kan kò wúwo. Àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri, tí wọ́n ń ra irin, bátìrì àti ìkòkò tó ti lu, kò jẹ́ dárúkọ ọ̀rá, nítorí owó mọ́tò láti Ìgbẹ́tì dé Ìbàdàn lè ju owó ọjà lọ.

Ìjọba kò ṣàì gbìyànjú. Ìpínlẹ̀ Èkó kéde lóṣù kìíní, ọdún 2024, pé àwọn fòfin de abọ́ fóòmù. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe ìlànà lórí pàǹtí ike àti ọ̀rá lọ́dún 2020, tó di ẹrù náà lé àwọn tó ń ṣe ọjà jáde lórí pẹ̀lú. Àmọ́ ìwé ìlànà kì í ṣa ọ̀rá nílẹ̀. Ìmọ́tótó òpin oṣù, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ láti ayé ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon ńkọ́? Wọ́n á kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá inú gọ́tà sí etí gọ́tà, òjò á rọ̀ lọ́jọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ á padà sílé.

Ohun tó yẹ káwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe ni kí wọ́n dá owó ìgò padà, kí wọ́n fi sórí ọ̀rá. Ogún ni píọ̀ wọ́tà tó ń wà nínú àpò kan. Ẹni tó bá ra àpò kan á fi owó díẹ̀ sílẹ̀, tó bá ti kó ogún ọ̀rá òfìfo padà, ẹni tó tà á fún un á dá owó rẹ̀ padà. Kíkà ni wọ́n máa kà á, wọn ò ní wọ̀n ọ́n. Ọkọ̀ tó ń já píọ̀ wọ́tà káàkiri, tó jẹ́ pé òfìfo ló ń padà lọ, ni kó máa kó o lọ síléeṣẹ́. Láti ọdún 2003 ni Jámánì ti ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ike omi, àwọn aráàlú ibẹ̀ sì ń dá ike padà.

Àwọn oníléeṣẹ́ yóò ní ọjà àwọn máa wọ́n, pé mẹ̀kúnnù ló ń mu píọ̀ wọ́tà. Òótọ́ ni, mẹ̀kúnnù náà sì ni omi ń ya wọ ilé rẹ̀. Owó tí wọ́n bá dá padà fún un kò sọnù. Ẹni tó mu ún nínú mọ́tò, tó ju ọ̀rá rẹ̀ gba ojú fèrèsé, ni owó tirẹ̀ máa sọnù, ọmọ tó bá sì ṣà á pé ogún ni yóò fi ra bàbà dùn. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìjọba ìbílẹ̀ kan dán an wò kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.