Kí A Jọ̀ Ọ́ Kí A Tó Dà Á Nù

Obìnrin tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í da èyí tí ó kù lórí ajọ̀ nù nígbà tí ó bá jọ èlùbọ́. Odó ni í dá a padà sí, kí ó tún un gún. Irú ọgbọ́n yìí ni àwọn onímọ̀ ń lò láti yọ bàbà nínú pàǹtí tí àwọn awakùsà ti dà sílẹ̀. Wọn a fi asẹ́ oríṣiríṣi pín in sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ó ti kúnná sí, wọn a sì yẹ ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan wò láti mọ ibi tí bàbà gbé pọ̀ jù. Èyí tí bàbà ṣì há sínú òkúta rẹ̀ ni wọn a tún lọ̀.

Kí ni èyí kàn wá ní ilẹ̀ Òkun? Bàbà kọ́ ni a mọ̀ wá mọ́, ṣùgbọ́n a ti wa tánganran, columbite àti tantalite ní Ẹ̀gbẹ̀, a sì ń wa wúrà ní agbègbè Ìsánlú. Ní Jos, nígbà kan rí, ńṣe ni àwọn awatánganran ń da columbite nù bí ìyàngbò. Nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀ sí wá a, pàǹtí àná di ọjà olówó iyebíye.

Lóòótọ́, ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni òfin fi ohun àlùmọ́nì sí. Síbẹ̀, òfin ìwakùsà ti 2007 pa á láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ wa kùsà bá ará ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí àwọn ọba àti ìgbìmọ̀ ìlú wa kọ ọ̀rọ̀ pàǹtí sínú àdéhùn náà: ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ta ni yóò jèrè rẹ̀, ta ni yóò sì ṣọ́ ọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí gbé ajọ̀ ilé lọ sí orí òkìtì. Ní Zamfara ní 2010, eruku òjé láti inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàrin ìlú pa ọmọdé tí ó lé ní 400.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ajọ̀ àti iyanrìn odò kọ́ àwọn ọmọ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, ẹ bi àwọn tí ẹ dìbò fún léèrè ohun tí ó wà nínú òkìtì ẹ̀yìn ìlú yín. Ohun tí onílé kò bá yẹ̀ wò, àlejò ni yóò rà á lọ́pọ̀.