Ojú Òfurufú Kúrú, Owó Tíkẹ́ẹ̀tì Ló Gùn

Bàálù tó bá gbéra ní Èkó ní aago méje àárọ̀ lè balẹ̀ sí Accra ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kan náà. Kò sí idán níbẹ̀. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú ti Gánà, ìrìn náà kò sì ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Ìgbà àbọ̀ lèrò yóò san gbèsè wákàtí ọ̀hún: ẹni tó kúrò ní Accra ní aago méjìlá ọ̀sán, aago méjì ni yóò bá l'Ékòó.

Nǹkan bíi 400 kìlómítà ló wà láàárín ìlú méjèèjì lójú òfurufú. Èkó sí Abuja lé ní 500. Síbẹ̀, ta ló ń pe Abuja ní ìdálẹ̀?

Ẹ wo ìyá Yorùbá kan tó ń pàtẹ ní ọjà Kaneshie l'Accra. Kó tó fò fún wákàtí kan, yóò kọ́kọ́ bá sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ wọ̀yá ìjà nínú tirotíro, bọ́ọ̀sì akérò wọn, nítorí wọ́n ti ní kó dé pápá ọkọ̀ òfurufú ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Nígbà tó bá jàjà wọlé sínú bàálù, omi tí wọ́n fún un kò ní tíì tán nínú ife tí wọ́n á fi ní kó tún de bẹ́líìtì. Ó kù kó tò fún ìwé ìrìnnà, kó dúró de ẹrù, kó sì tún wá ọkọ̀.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ó ṣì sàn ju ti orí ilẹ̀ lọ: ibodè Aflao, Hillacondji àti Sèmè, odindi ọjọ́ kan gbáko. Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ṣì ń wọ bọ́ọ̀sì? Owó ni.

Àwọn owó tí ìjọba ń gbà lórí èrò àti lórí ààbò wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì. Orí ni wọ́n ń kà gbà á, wọn kì í wọn ọ̀nà. Bí ìrìn bá ṣe kúrú tó ni owó náà ṣe ń dá èrò lẹ́yìn tó.

Àdéhùn láti tú ìdè yìí kò wọ́n. Ti Yamoussoukro, 1999, ni kí bàálù Áfíríkà máa fò fàlàlà. Ọjà òfurufú kan ṣoṣo ti Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Ní December 2024, àwọn olórí ECOWAS fẹnu kò l'Ábújá pé kí wọ́n pa owó-orí ìrìnnà òfurufú rẹ́, kí wọ́n sì gé ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú owó èrò àti ti ààbò, bẹ̀rẹ̀ láti January 1, 2026.

Ìpinnu yìí ni kí èrò dìrọ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó ní kí wọ́n tú owó náà sí wẹ́wẹ́ fún òun: èwo ni ti ọkọ̀, èwo ni ti ìjọba.