Ọwọ́ Tí Ń Fín Igbá àti Ojú Tí Ń Kàwé

Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa ń bi wá léèrè bóyá ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọnà lè tún jókòó ti ìtàn iṣẹ́ ọnà kí ó sì kà á yanjú. Àwọn bàbá wọn a máa ní kí wọ́n mú ọ̀kan: bí ó bá jẹ́ ìwé, kí ó jẹ́ ìwé. Àwa kò fara mọ́ ìdáhùn yìí rárá.

Ẹ wo Moyọ̀ Òkédìjí, ọmọ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó kọ Àjà Ló Lẹrù. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀. Kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n tán. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin tí ń kun ògiri ojúbọ ní Ilé-Ifẹ̀, ó kọ́ bí a ti ń fi erùpẹ̀ àti ewé ṣe àwọ̀. Ohun tí ó rí gbà bọ́ sínú àwòrán rẹ̀, ó sì bọ́ sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1989 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀. Ní 1995 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà, kò sì torí oyè fi àwòrán sílẹ̀. Ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2003, igbá tí ó fọ́ ni ó fi sọ ọ́ lórúkọ. (Ta ni ìbá tètè gbọ́ orúkọ yẹn ju ará Ọ̀yọ́ lọ?)

Ẹni tí kò fín igbá rí yóò rí ìlà. Ẹni tí ó ti fín in rí yóò mọ ibi tí ọ̀bẹ gbé yí padà, ibi tí ọwọ́ ti gbọ̀n, àti ìdí tí a fi ha èèpo kúrò níhìn-ín tí a sì dá a sí lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fín in láìmọ ìtàn rẹ̀ a máa ta ohun tí ó kún fún ìtumọ̀ ní iye ohun ìṣeré.

Òótọ́ ni pé iṣẹ́ méjèèjì a máa bá ara wọn jà. Àwọ̀ tí a pò lánàá a ti gbẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ibi ìdánwò dé. Nítorí náà ni a fi ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe pín ọjọ́ sí méjì, kí wọ́n máa kọ ìwé nípa ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe gan-an. Olùṣọ́-àgùntàn ni Samuel Johnson ní Ọ̀yọ́ nígbà tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897. Bí ó bá ti dúró kí iṣẹ́ kan tán kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ìwé.

Ẹ̀yin ìjòyè, ohun tí a ń bẹ̀ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ẹ bá wa bá àwọn àgbà tí ń fín igbá àti àwọn oníṣẹ́ awọ ìlú wa sọ̀rọ̀, kí wọ́n gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, àti ti ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, láyè ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Kí ọmọ fín, kí ó sì kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àgbà tí ó sọ ọ́. Owó àkókò àgbà náà kò gbọdọ̀ ti àpò akẹ́kọ̀ọ́ wá. Ẹgbẹ́ wa ni kí ó san án.