Ẹni tó bá fẹ́ dín sísanra kù: oúnjẹ tó ṣeé jẹ títí ni kó mú

Bí wọ́n bá ti pín aṣọ ẹbí tán, tí ọjọ́ ìnáwó ku oṣù kan péré, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìyá ọjà máa ń rántí pé ikùn ti ń ṣíwájú ẹni lọ sóde. Ọ̀kan á ní òun ò fọwọ́ kan ẹ̀bà mọ́. Èkejì á gbé àgbo tó ń fọ inú kalẹ̀, á máa mu ún láàárọ̀, á máa mu ún lálẹ́. Ẹ̀kẹta á ní ọsàn àti omi lòun ó máa fi pa ebi. Nígbà tó bá fi pé ọ̀sẹ̀ méjì, gáùn ti ń wọlé, inú oníkálukú á máa dùn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wò wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ìnáwó ti tán. Síìpù gáùn ọ̀hún ò tiẹ̀ fẹ́ gòkè mọ́!

Kí ló fà á? Ohun tó kọ́kọ́ ń jáde lára ẹni tó ṣàdédé pa oúnjẹ tì, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ara máa ń fi díẹ̀ pa mọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan lára gààrí, ìrẹsì àti iṣu tá a bá jẹ, omi sì máa ń bá a gbé níbẹ̀. Bí oúnjẹ ò bá wọlé, ara á ná ìpamọ́ yẹn, omi á sì bá a lọ. Òṣùwọ̀n á ní kílò méjì ti lọ, ọ̀rá sì jókòó síbi tó wà. Àgbo tó ń múni yàgbẹ́ náà ńkọ́? Omi àti ìgbẹ́ ló ń kó jáde, ọ̀rá kì í bá ìgbẹ́ jáde bẹ́ẹ̀. Bó bá wá di ojoojúmọ́, ó lè kó èròjà tí ọkàn fi ń lù déédéé lọ.

EBI KÌ Í GBÀGBÉ

Ní ọdún 1944 sí 1945, ọ̀jọ̀gbọ́n Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota, ní Amẹ́ríkà, kó ọkùnrin 36 jọ, àwọn tí ara wọn le koko tí wọ́n sì yọ̀ǹda ara wọn. Ó dín oúnjẹ wọn kù sí nǹkan bí ìdajì fún ọ̀sẹ̀ 24. Wọ́n rù lóòótọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo wọn ló lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oúnjẹ gba gbogbo ọkàn wọn, inú ń bí wọn sódì, agbára tán lára wọn. Ìgbà tí wọ́n wá tú okùn ọ̀hún, àwọn kan jẹ, wọn ò yó. Ọ̀rá tó padà sí wọn lára tún ju èyí tó lọ!

Èyí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fi ebi na ara rẹ̀ títí dọjọ́ ìnáwó.

ÈWO LÓ WÁ DÁRA JÙ?

Lágbájá á ní ọ̀rá ni ká sá fún. Tàmẹ̀dù á ní rárá o, òkèlè ni. Wọ́n ti dán an wò ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2018. Àgbàlagbà 609 ni wọ́n pín sọ́nà méjì fún ọdún kan. Apá kan dín ọ̀rá kù, apá kejì dín oúnjẹ bí ìrẹsì àti búrẹ́dì kù, apá méjèèjì sì ń jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa. Nígbà tí ọdún yípo, àwọn tó dín ọ̀rá kù fi kílò 5.3 sílẹ̀, àwọn tó kù fi 6.0 sílẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ gidi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú apá kọ̀ọ̀kan, a rí ẹni tó jò gan-an, a sì rí ẹni tó tún sanra sí i.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé orúkọ oúnjẹ kọ́. Èyí tí èèyàn lè máa jẹ lọ láìsunkún ni. Ẹ bi ara yín: ṣé èyí ṣeé jẹ lọ́dún tó ń bọ̀? Bí kò bá ṣeé jẹ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

ÌKÒKÒ KAN NÁÀ NI

Ẹ ò ní láti dá ìkòkò ti ara yín ná, kí ọmọ àti ọkọ máa jẹ tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú ọbẹ̀. Gíráàmù ọ̀rá kan ń gbé kálórì 9, ti gààrí àti ìrẹsì jẹ́ 4. Ṣíbí ìjẹun kan òróró tó kálórì 120. Ẹ fi ṣíbí wọn epo, ẹ yéé dà á látinú ìgò.

Ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta òkèlè kúrò, kí ẹ fi ewédú, ilá tàbí ẹ̀fọ́ dí àyè rẹ̀. Wọ́n ní àlìkámà kì í múni sanra, ni àwọn kan bá ń ro ó tóbi bí orí ọmọ! Bákan náà ni gbogbo òkèlè, bó ṣe pọ̀ tó lọ̀rọ̀ wà.

Mínírà 35cl tó ní gíráàmù ṣúgà 10 nínú 100ml ti gbé ṣíbí tíì bíi mẹ́jọ wọlé. Omi tútù ò gbówó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì fi ebi jókòó ní ìsọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ á dá ikùn dúró, kí ẹ má baà dé ilé lálẹ́ kí ẹ gbé ìkòkò mì. Níbi ìnáwó, bí ẹ bá ti jẹ iyán, ẹ jẹ́ kí ìrẹsì kọjá.

Ìlàjì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ti tó.

ÌDÍ TÍ KÒ FI YẸ KÍ Ẹ FI ṢERÉ

Télọ̀ ní téèpù lọ́wọ́. Kí ó wọn ara rẹ̀ lókè ìbàdí, lábẹ́ egungun ìhà. Bó bá ti ju ínǹṣì 35 lọ fún obìnrin, tàbí 40 fún ọkùnrin, ewu ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ti ń kanlẹ̀kùn. Ẹni tó wọn kílò 100 kò ní láti di igi ìgbálẹ̀: kílò 5 péré tó bá fi sílẹ̀ á ti ràn án lọ́wọ́. Bí ìyá tó ń san owó ilé ìwé bá fi àrùn ẹ̀gbà dùbúlẹ̀, ta ni yóò ṣí ìsọ̀?

Ẹbí á sọ̀rọ̀ o. Wọ́n á ní, "Kí ló dé tó ò ń rù? Ṣé ọkọ ò tọ́jú ẹ ni?" Ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn, ẹ ní ọkọ ń tọ́jú, ara náà lẹ̀ ń tọ́jú.

Ṣùgbọ́n aboyún àti abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn kọ́ ló ń dín oúnjẹ kù. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kó rí dókítà kó tó fo oúnjẹ, torí ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì kó sì dákú. Ẹni tó sì ń rù láìdín oúnjẹ kù, kó má yọ̀, ilé ìwòsàn ni kó kọrí sí.

Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ọbẹ̀ alẹ́ òní, kí ẹ fi ṣíbí wọn epo.