Orúkọ Àgágú lára Yunifásítì Òkìtìpupa
Àwọn kan ní kò yẹ kí orúkọ Olúṣẹ́gun Àgágú wà lára yunifásítì Òkìtìpupa, torí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló yọ ọ́ nípò gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní oṣù Kejì 2009. Òótọ́ ni, àmọ́ ìbò 2007 nilé ẹjọ́ dá lẹ́jọ́, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìjọba ọmọ Ìjù-Odò yìí, tó ti kọ́ni nímọ̀ ilẹ̀ àti àpáta ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 2008. Ọkọ rere, baba rere, wọ́n pọ̀ nílẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí Òkìtìpupa wà. Ẹbí wọn ló ń rántí wọn; ẹni tó ṣiṣẹ́ ìlú, ìlú ló yẹ kó rántí rẹ̀. Àgágú kú ní 2013, síbẹ̀ ọmọ ìyá tó ń ta púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, ń gun ọ̀kadà láti ilé lọ kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì náà, láìgba yàrá l'Ákùúrẹ́, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà.