Òǹkà Ọjọ́ Inú Kọ̀ǹpútà

Láti ayébáyé ni àwọn Yorùbá ti mọ iyì kíka ọjọ́. Ọjọ́ ọjà ni àwọn baba wa fi ń ka ọ̀sẹ̀, òṣùpá ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń ka oṣù, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì fi ń mọ̀ pé ọdún ti yí po. Wọ́n a máa sọ pé, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ní ọrọọrún. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọlọ́gbọ́n kì í wo òní nìkan kí ó fi ọkàn balẹ̀ lórí ọ̀la. A máa tún ọ̀rọ̀ wádìí lóòrèkóòrè. Ní ayé òde òní, a ti fi iṣẹ́ kíka ọjọ́ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ka ọjọ́ fún báńkì, fún ilé-ìwòsàn, fún ọkọ̀ òfuurufú, àti fún iná tí ó ń tàn nínú ilé wa. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ni a kò ṣe láti ka ọjọ́ títí lọ, àti pé ó yẹ kí a tún wọn ṣe nísinsìnyí tí àyè ṣì wà, kí ó má baà di àbámọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí ń ta omi dídì. Ní ìparí ọdún 2024, ó ra iná sí mítà àsansílẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà tí ó wà lórí ìwé tí wọ́n fún un, mítà kọ̀ ọ́. Ó tún un tẹ̀, mítà tún kọ̀ ọ́. Ó rò pé ojú ni ó ń ṣe òun, ó sì pe ọmọ ilé-ìwé kan pé kí ó wá bá òun tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ó ní, "Ìyá, nọ́ńbà yín pé o, mítà ni kò gbà á." Ọjọ́ méjì ni ìyá yìí fi wà nínú òkùnkùn kí ẹnìkan tó ṣàlàyé fún un pé nọ́ńbà méjì mìíràn wà tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ tẹ̀, kí mítà tó lè gba iná tuntun. Nígbà náà, gbogbo yìnyín rẹ̀ ti yọ́, owó ọjà rẹ̀ sì ti bá omi lọ.

Kí ni ó fa èyí? Mítà náà kò bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì jí owó ìyá náà. Irú mítà yìí ní ọgbọ́n kan tí ó fi ń dènà ẹ̀tàn. Gbogbo nọ́ńbà iná tí a bá rà ni ó ní àmì ìṣẹ́jú tí a ṣe é nínú. Àmì yìí ni mítà fi ń mọ èyí tí a ti lò rí àti èyí tí ó ti gbó, a sì máa kọ̀ wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má baà fi owó ẹ̀ẹ̀kan gba iná lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1993 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n àyè tí àwọn tí ó ṣe ètò náà fi sílẹ̀ fún òǹkà kò gbà ju 16,777,215 lọ. Lójú ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó dà bí iye tí kò lè tán láéláé. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì pé ìṣẹ́jú ọdún 32. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni igbá náà kún, tí òǹkà sì padà sí òdo. Mítà tí a kò bá tíì tún ṣe yóò máa wo nọ́ńbà tuntun bí ẹni pé ó ti gbó ju gbogbo èyí tí ó ti gbà rí lọ. Nítorí náà ni a fi ní láti tún mítà kọ̀ọ̀kan ṣe, ní Nàìjíríà, ní Gúúsù Áfíríkà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní ilẹ̀ wa, nọ́ńbà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ 20 ni a fi ṣe àtúnṣe náà. Ẹni tí ó gbọ́ ìkìlọ̀ tẹ̀ wọ́n ní àsìkò, iná rẹ̀ kò kú. Ẹni tí kò gbọ́ ni ó jókòó sínú òkùnkùn.

Ẹni tí ó bá ti wo òǹkà ìrìn inú ọkọ̀ àtijọ́ rí yóò tètè mọ ohun tí mo ń wí. Bí òǹkà náà bá ní ojú márùn-ún, yóò máa kà títí yóò fi dé 99,999. Bí ọkọ̀ bá tún rìn díẹ̀ sí i, gbogbo ojú náà yóò padà di òdo, ọkọ̀ ògbólógbòó yóò sì dà bí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé-iṣẹ́. Ọkọ̀ náà kò di tuntun. Àyè ni ó tán fún òǹkà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí pẹ̀lú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ayé. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs, ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí a ń pè ní Unix ní ọdún 1969. Ètò náà kì í ka ọdún àti oṣù bí àwa ti ń kà wọ́n. Ìṣẹ́jú-àáyá ni ó ń kà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Ojú 32 ni a yà sọ́tọ̀ fún iye yìí, ojú kọ̀ọ̀kan kò sì lè gbà ju òdo tàbí oókan lọ. Ojú kan nínú wọn ni ó ń sọ bóyá ọjọ́ tí a ń kà wà ṣáájú ọdún 1970 tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ojú 31 tí ó kù kò lè gbà ju 2,147,483,647 lọ. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 2038, nígbà tí aago mẹ́rin òwúrọ̀ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti ìṣẹ́jú-àáyá méje kọjá ní Nàìjíríà, iye náà yóò pé. Ìṣẹ́jú-àáyá kan péré lẹ́yìn èyí, òǹkà yóò kún wọ ojú tí ń sọ ìyàtọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà tí a kò bá tún ṣe yóò gbà pé ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejìlá ọdún 1901 ni òun wà, nígbà tí a kò tilẹ̀ tíì so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Kí ni ó burú nínú pé ẹ̀rọ ṣi ọjọ́ mọ̀?" Ó burú púpọ̀. Ní báńkì, ọjọ́ ni a fi ń ṣírò èlé. Bí kọ̀ǹpútà bá gbà pé ọdún 1901 ni a wà, owó tí a yá ní ọdún 2037 yóò dà bí owó tí a kò tíì yá. Kọ̀ǹpútà méjì tí ó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ a máa yẹ ìwé ẹ̀rí ara wọn wò. Bí ọjọ́ bá dàrú, ìwé ẹ̀rí tòótọ́ yóò dà bí èyí tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó, ọ̀rọ̀ yóò sì pin láàárín wọn. Ẹ̀rọ tí ó ń ka wákàtí láàárín ìgbà tí a fún aláìsàn ní oògùn àti ìgbà tí a ó tún fún un lè ṣi iṣẹ́ ṣe. N kò sọ pé ayé yóò parẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí àjálù bá dé bá kì í bèèrè iye àwọn tí ó bọ́.

Ó rọrùn láti fi àwọn tí ó ṣe ètò wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò tọ́. Ní ìgbà ayé iṣẹ́ wọn, àyè inú kọ̀ǹpútà wọ́n bí ojú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n tilẹ̀ ń kà, igbá náà ì bá sì ti kún láàárín ọdún méjì ó lé díẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí èyí, wọ́n yí i padà sí odidi ìṣẹ́jú-àáyá, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kún ọjọ́ rẹ̀. Ẹ̀bi tí mo rí kò sí lọ́rùn wọn. Ó wà lọ́rùn àwa tí a bá ètò náà tí ó ń ṣiṣẹ́, tí àyè kò wọ́n mọ́, tí a sì ń kọ́ ilé tuntun lé orí ìpìlẹ̀ kan náà láìbèèrè ọjọ́ tí yóò lò.

Àwọn kan a máa sọ pé ariwo lásán ni. Wọ́n ní irú ìkìlọ̀ yìí ni a gbọ́ nígbà tí ọdún 2000 ń bọ̀. Òótọ́ ni. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó ń fi ẹyọ méjì péré kọ ọdún, tí 1965 ń jẹ́ 65, ẹ̀rù sì ń ba àwọn ènìyàn pé 00 yóò di 1900. Ọjọ́ náà dé, ọkọ̀ òfuurufú kò já bọ́, iná kò kú kárí ayé. Ṣùgbọ́n kí ni ìdí rẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òṣìṣẹ́ fi jókòó tí wọ́n ń tú ètò kọ̀ǹpútà yẹ̀ wò, tí ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ sì ná òbítíbitì owó. Bí baálé ilé bá tún òrùlé rẹ̀ ṣe ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò wá rọ̀ tí kò jò, ó ha yẹ kí àwọn ọmọ rẹ̀ sọ pé òrùlé náà kò bàjẹ́ rí? Níbi tí a kò ti wò dáadáa, ìyà jẹ ènìyàn. Ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣe ìṣirò àyẹ̀wò àwọn aláboyún ṣi ọjọ́ orí wọn kà ní ọdún 2000 nítorí àṣìṣe yìí gan-an. Obìnrin tí ó lé ní 150 ni ó gba èsì tí kò tọ́, ọ̀pọ̀ oṣù sì kọjá kí a tó fura.

Àwọn mìíràn a ní ọdún 2038 ṣì jìnnà. Èmi a sì dá wọn lóhùn pé òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ìṣòro náà kò tilẹ̀ dúró de ọjọ́ rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2006, àwọn kọ̀ǹpútà kan tí ó ń lo ètò AOLserver ṣàdédé daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tí ń ṣàkóso wọn ti pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n dúró fún bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá kí wọ́n tó já ohun kan sílẹ̀, nítorí pé iye náà dà bí títí láé lójú wọn. Kò ju nǹkan bí ọdún 32 lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà fi kún ọjọ́ òní rẹ̀, ó kọjá ọdún 2038, òǹkà sì dàrú. Ẹ ronú, nígbà náà, nípa owó ilé tí a yá fún 20 ọdún, tàbí owó ìfẹ̀yìntì ọ̀dọ́mọdé òṣìṣẹ́. Ìṣirò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń kọjá ọdún 2038 nísinsìnyí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ wa ní ọ̀nà kan tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí. Àwa fẹ́ràn tòkunbọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ti lò gbó, kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ òkèèrè ti pa tì, ẹ̀rọ ilé-ìwòsàn tí wọ́n ti fi tuntun pààrọ̀, ọ̀dọ̀ wa ni púpọ̀ nínú wọn ń bọ̀ wá lo ìyókù ayé wọn. N kò bú ẹni tí ó rà wọ́n. Bí owó bá ti mọ ni à á ná an. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí àwọn ẹlòmíràn yóò ti kó dànù kí ọdún 2038 tó dé lè wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, láìsí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tàbí tí ó lè tún un ṣe.

Oògùn àrùn náà kò ṣòro í mọ̀. Bí a bá fi ojú 64 dípò ojú 32 ka ìṣẹ́jú-àáyá, òǹkà náà kò ní kún títí di nǹkan bí 292 bílíọ̀nù ọdún. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ètò Linux, tí ó wà nínú ẹ̀rọ púpọ̀ kárí ayé, ti ní àtúnṣe yìí fún àwọn ẹ̀rọ olójú 32 pàápàá láti ọdún 2020. Ohun tí ó ṣòro ni àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí a ti mọ mọ́ ara ògiri, tí a sì ti gbàgbé. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi jẹ́ mẹ́ta. Èkíní, kí ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ má ṣe ra ẹ̀rọ kankan láìbèèrè pé, "Ṣé yóò mọ ọdún 2038?" kí wọ́n sì gba ìdáhùn náà ní kíkọ sílẹ̀. Èkejì, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tí ó ń ka ọjọ́ lọ́dọ̀ wọn sínú ìwé, nítorí a kì í tún ohun tí a kò mọ̀ pé a ní ṣe. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n dán àwọn ẹ̀rọ náà wò nígbà tí wọn kò sí lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sún ọjọ́ wọn síwájú, kí wọ́n sì wo ohun tí wọn yóò ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọmọ tí a bí ní ọdún 2010 yóò pé ẹni ọdún 28 ní ọdún 2038. Nígbà náà, ẹ̀yin ni ẹ ó wà nídìí ẹ̀rọ ní báńkì, ní ilé-ìwòsàn àti ní ilé-iṣẹ́ iná. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé, ṣùgbọ́n ní ti ọ̀rọ̀ yìí, bí àwa àgbà bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, ẹ̀yin ni ẹ ó ru igbá náà. Ẹ kọ́ ìṣirò dáadáa. Ẹ mọ bí ẹ̀rọ tí ẹ ń lò ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá sì ṣe ohunkóhun tí yóò wúlò fún ènìyàn, ẹ máa bi ara yín léèrè pé ọjọ́ wo ni igbá rẹ̀ yóò kún, àti pé ta ni yóò wà níbẹ̀.

Ìyá olómi dídì tí mo sọ ìtàn rẹ̀ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1993 tí a bẹ̀rẹ̀ òǹkà mítà rẹ̀, kò mọ̀ nípa rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè. Síbẹ̀ òun ni yìnyín rẹ̀ yọ́. Ti ọdún 2038 kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí a ti mọ ọjọ́ rẹ̀, a mọ wákàtí rẹ̀, a sì mọ ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.